Orin Yèyé Mi Lẹ́nu Ewúrẹ́

N kò ní kọ́kọ́rọ́ rí títí mo fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀pá ìdábùú ni a fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú, ẹni tó bá sì wà níta ní láti pe ẹni tó wà nínú. Obìnrin tó gbà mí sílé ní Lọ́ńdọ̀nù kó kọ́kọ́rọ́ méjì lé mi lọ́wọ́, ọ̀kan fún ẹnu ọ̀nà títì, ọ̀kan fún yàrá. Ó ní kí n má ṣe kanlẹ̀kùn láé, nítorí kò sí ẹni tí yóò dìde wá ṣí i fún mi. Kò fi ìkà sọ ọ́. Bí ilé rẹ̀ ṣe rí ló ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó yà mí lẹ́nu ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn, èéfín tó ń jáde lẹ́nu ara mi nínú òtútù, oòrùn tó ń ràn tí kò móoru, àwọn èèyàn tó fara kanra nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, nítorí orí ilẹ̀kùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, sòbìyà mú mi lẹ́sẹ̀, n kò sì lè rìn dé oko kòkó bàbá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ìwé. Yèyé mi kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọ̀pá dábùú ilẹ̀kùn láti inú, kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà wọlé jẹ iṣu wa, ó sì bá ti rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ń bọ̀ tòun ti ẹrù lórí, kò ní lè dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìdí ògiri ilé kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, kí n lè ti jí, kí n wọ́ dé ìdí ọ̀pá kó tó dé:

*Ṣíṣí, ṣíṣí, ọmọ mi,*
*Ṣí ulẹ̀kùn fún mi.*
*Uṣu ń bẹ lórí mi,*
*Ugi ń bẹ lọ́wọ́ mi,*
*Ṣí ulẹ̀kùn fún mi.*

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa yóò ti rí i pé ohun tí ìwé ń pè ní ilé, a máa ń pè é ní ulé. Iṣu wa, uṣu ni. Ilẹ̀kùn wa, ulẹ̀kùn. Ahọ́n mi kò tíì tọ́ nígbà náà. N kò lè pe ulẹ̀kùn. Láti inú ilé ni mo ti ń dáhùn pé, "Mo ń ṣí ukúnlẹ̀ o!" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí yèyé mi gbọ́ ọ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹrù lórí rẹ̀. Nítorí ukúnlẹ̀ ní tiwa ni ìkúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ lọ́jọ́ tó ń rọbí, èyí tí obìnrin máa ń fi búra nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá àwàdà. Ó sọ fún bàbá mi nígbà tí a ń jẹun pé, "Ọmọ yìí ní òun ń ṣí ukúnlẹ̀ fún mi. Nínú àwa méjèèjì, ta ló ṣí i fún ta?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti yí orin náà padà. Ẹsẹ̀ mi san, mo wọ ilé ìwé, ahọ́n mi tọ́, ṣùgbọ́n orin náà kò tọ́ mọ́. Bí òjò bá ń bọ̀, yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kó ti ulẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ èmi ló rán, ukúnlẹ̀ ni. Kò ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan. Yèyé mi kì í dì mọ́ ọmọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ dídùn. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ní fún mi, mo sì mọ̀ pé tèmi ni. Ní òwúrọ̀ tí mo kúrò nílé, kò sunkún. Ó ní, "Lọ re. Ọjọ́ tó o bá dé, n ó gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ukúnlẹ̀."

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe nígbà tí mò ń kàwé lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ìgò wàrà. Àwọn aláàárù wàrà a máa kó ìgò òfìfo padà, ẹ̀rọ a fọ̀ wọ́n, èmi a jókòó síwájú iná funfun kan, ìgò a máa kọjá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ mi ni kí n mú èyí tó bá sán, tàbí èyí tí ìdọ̀tí kù nínú rẹ̀, kúrò láàárín àwọn tó dára. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà tí ọ̀gá wa, ọkùnrin arúgbó kan tí kì í yin ẹnikẹ́ni, sọ fún àwọn tó kù pé ojú mi kì í tàsé. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Tíṣà ìjọ wa, ẹni tó máa ń ka lẹ́tà mi fún yèyé mi tó sì ń bá a kọ èsì, dáhùn pé, "Ìyá yín ní ó dára, ṣùgbọ́n ìgò ta ni?"

Ọjà kan ni mo ti pàdé Bánjí. Mò ń wo àtẹ tí wọ́n kó ànàmọ́ àti kárọ́ọ̀tì sí, mo sì sọ fún ara mi pé, "Kò sí uṣu." Ohùn kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Àní uṣu! Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ rè é!"

Ọmọ Emùré ni. Ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ó ga, ohùn rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi máa ń yíjú nígbà tó bá ń béèrè ọ̀nà lásán.

"Àbí ẹ̀yin ní Emùré, kí lẹ ń pè é?" ni mo bi í.

"Uṣu náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́ máa ń pè é bí ẹni pé ó ti jó yín lẹ́nu."

Kó tó di pé oṣù parí, a ti ń gbé yàrá kan náà. Ó sọ mí ní Báálẹ̀ Ìgò. Bí mo bá wọlé láti ibi iṣẹ́, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pákó. "Báálẹ̀, ìgò mélòó ló wá kí yín lónìí?" N kì í sábà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí n kò bá sọ èyí, ìyókù ọ̀rọ̀ yóò dà bí ẹjọ́ lásán.

Ní ìgbà òtútù kejì, àìsàn dá mi dúbúlẹ̀. Òtútù wọ̀ mí láyà, ara mi sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ ibi tí mo wà fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Bánjí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó wá ìyẹ̀fun àgbàdo rí níbi tí n kò mọ̀, ó fi po ohun kan tó pè ní ẹ̀kọ, ó sì ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé:

"Kí ni ò ń kọ lórin látàná? 'Ṣí ukúnlẹ̀ fún mi.' Ta ló ń kúnlẹ̀?"

Mo sọ fún un. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ ti sòbìyà, ti ọ̀pá ìdábùú, ti ahọ́n mi tí kò tọ́, ti ohun tí yèyé mi sọ fún bàbá mi. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ń gbọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì kọ ọ́. Ó gbè é lẹ́nu mi, ohùn rẹ̀ sì dùn nínú rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní, "Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ìyá rẹ mà lọ́gbọ́n o."

Nígbà tí ewé tún yọ lára igi, ó ti ibi kan dé, inú rẹ̀ ń dùn.

"Báálẹ̀, mo ríṣẹ́. Àwọn kan ń ya àwòrán ewúrẹ́, wọ́n sì ń mú un rìn nínú sinimá."

"Ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ olóríkunkun. Wọ́n ní kó fọwọ́ kó tó jẹun, kò gbọ́. Wọ́n ní kó se omi kó tó mu ún, kò gbọ́. Ìyà á jẹ ẹ́, á sá wálé. Onírúurú ni wọ́n máa ṣe, ìjọba á sì kó wọn ránṣẹ́ sílé fún mọ́tò sinimá. Èmi ni ohùn ewúrẹ́ ní Yorùbá."

"Ó bá ọ mu."

"Mo dúpẹ́, Báálẹ̀." Ó ké bí ewúrẹ́ títí onílé fi ń fi ìgbálẹ̀ gbá àjà láti ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi mẹ́ta àkọ́kọ́ han àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn wa, lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó yé wa. Bánjí ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé ìdánwò mi ti súnmọ́. N kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nǹkan kan lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Mo lọ nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Ewúrẹ́ náà dára. Wọ́n yà á ní dúdú àti funfun, etí rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó sì ń fi ìdí jó nígbà tó bá ń rìn. Nínú àkọ́kọ́, ó jẹ èso tó jábọ́ sínú ẹrẹ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó sá wálé. Ilẹ̀kùn ti tì. Ìyá rẹ̀ wà nínú. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó gbé orí sókè, ó sì kọrin:

*Ṣíṣí, ṣíṣí, ìyá mi,*
*Ṣí ukúnlẹ̀ fún mi.*

N kò kọ́kọ́ bínú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún mi gbéra kúrò lórí itan mi láti yọ ọ̀pá ìdábùú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó gbọ́ Yorùbá jù lọ ló sì ń rẹ́rìn-ín jù lọ, nítorí ewúrẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ní kí wọ́n ṣí ìkúnlẹ̀ fún òun, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àìmọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ewúrẹ́ oníṣekúṣe!"

Sinimá kejì dé. Wọ́n kò rẹ́rìn-ín tó ti àkọ́kọ́ nígbà tí orin náà dé. Wọ́n ti ń retí rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, tí ewúrẹ́ náà ń sá bọ̀ nínú òjò, gbogbo wọn ti gbè é kó tó ya ẹnu. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, kí ni orin tó ń padà wá bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn. Mo gbà pé kì í ṣe adùn rẹ̀ nìkan. Nígbà àkọ́kọ́, o kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn yóò ṣí. Nígbà kejì, o mọ̀. Nígbà kẹta, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ mọ́ nínú gbogbo ìyà tó ń jẹ ewúrẹ́ náà, nítorí o mọ̀ pé orin kù, bí orin bá sì ti dé, ìyá yóò dìde. Àwọn ọmọ tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn jìnnà sílé tó bí mo ṣe jìnnà. Àwa náà ní kọ́kọ́rọ́ méjì méjì lápò. Mo rí ọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ tó ń nu ojú. Kí n má purọ́, ojú èmi náà kún. Bánjí kọ ọ́ dáadáa. Èyí wà lára ohun tó ń dùn mí.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà kí n lè rò ó. Orin àlọ́ pọ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìró orin yèyé mi lè jẹ́ èyí tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ mọ̀. Ulé, uṣu, ugi, ti gbogbo Èkìtì ni. Bí mo bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò, n kò ní ẹjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ẹnu mi ló ti jáde. Èèyàn kan ṣoṣo ló sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ń din ẹyin nígbà tí mo wọlé.

"O lọ," ló wí.

"Mo lọ."

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Bánjí, níbo lo ti rí ukúnlẹ̀?"

Ó yí ẹyin náà padà. "Orin àlọ́ ni. Ta ló ni orin àlọ́? Wọ́n ń wá orin tí ewúrẹ́ á máa kọ, èyí ló wá sí mi lẹ́nu. Ìyá tèmi náà ń kọ irú rẹ̀ ní Emùré."

"Kọ ti ìyá rẹ kí n gbọ́."

Ó bu iyọ̀ sí ẹyin náà.

"Wọn ò bi ọ́ léèrè ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Wọ́n bi mí."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Mo ní ewúrẹ́ ni, kò mọ ọ̀rọ̀ pè." Ó wo ojú mi, ó sì gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò pè mí ní Báálẹ̀ mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, má bínú. Mi ò rò ó débẹ̀. Wọn ò tíì kó o ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́ Ajé ni n ó lọ bá wọn, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fi ulẹ̀kùn sí i. Mo fi ìyá mi búra."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ti lọ, ó ti parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tilẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí ohùn tí mo fi bá a sọ̀rọ̀.

Mo yege ìdánwò. Mo gba oyè. Bánjí ti kó lọ sí ìlú mìíràn láti ṣe iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kan. Èmi nìkan ni mo jókòó sí yàrá lọ́jọ́ tí èsì dé, mo ka orúkọ ara mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ̀wé sílé. Èsì pẹ́ kó tó dé. Bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ rè é:

"Ọmọ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún oyè tí o gbà. Ara mi le. Mọ́tò sinimá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé, gbogbo ìlú sì lọ. Mo fẹ́ bi ọ́ bóyá ìwọ ni o fún wọn ní orin wa. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ fún mi. N kò ní bínú."

Lábẹ́ rẹ̀ ni Tíṣà ti kọ ti ara rẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ náà kọrin, àwọn aládùúgbò yín mọ orin náà. Wọ́n yíjú sí ìyá yín, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá yín gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n lọ sílé kí ó tó parí. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé a máa ké 'Ṣí ukúnlẹ̀!' tẹ̀ lé wọn lọ́nà odò, àwọn mìíràn sì ń pè wọ́n ní Ìyá Ewúrẹ́. Àwọn ìyá ìjọ bá ìyá yín wí pé ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé fún òyìnbó fi ṣe ẹ̀rín."

Mo kọ lẹ́tà ní ọjọ́ kan náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Èsì tó dé kúrú: "Ìyá yín ní àwọ́n ti gbọ́." Mo wo gbólóhùn yẹn bí mo ṣe ń wo ìgò. Gbọ́ kì í ṣe gbàgbọ́. N kò sì lè mọ̀ láti inú lẹ́tà, nítorí Yorùbá ilé ìwé ni Tíṣà ń kọ. Ohunkóhun tí yèyé mi bá pè, yálà ulẹ̀kùn ni tàbí ukúnlẹ̀, ilẹ̀kùn ni Tíṣà yóò kọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ló ti ń tún ọ̀rọ̀ yèyé mi ṣe fún un, n kò sì bìkítà títí di ọjọ́ yẹn.

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya ewúrẹ́ náà. Mo fẹ́ mọ ohun tí Bánjí ṣe kí n tó dá a lẹ́bi. Yàrá ńlá kan ni, tó kún fún tábìlì, lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni ike fẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara wà, ewúrẹ́ kan náà lórí gbogbo wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí padà díẹ̀ láti orí ọ̀kan dé èkejì. Obìnrin àgbà kan tí ọ̀dà dúdú kún ọwọ́ rẹ̀ fún mi ní tíì. Mo bi í bóyá Bánjí padà wá láti tún orin náà kọ.

Ó ní rárá. Kò sí ẹni tó béèrè.

"Ṣé iṣẹ́ púpọ̀ ni ì bá jẹ́?"

"Orin nìkan? Kò kan àwòrán rárá. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni ì bá gbà." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní gbogbo wọn nínú yàrá yẹn ló mọ orin náà, pé bí iṣẹ́ bá ti sú wọn, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyókù á gbè é. Ó kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ukúnlẹ̀ kò wọ́. "Ọ̀rẹ́ rẹ ní kò ní ìtumọ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Kí ló túmọ̀ sí ní tòótọ́?"

Mo wo tíì mi. Mo ní n kò mọ̀.

Mo kọ̀wé sí Bánjí. Ó dáhùn pé òun gbé ẹsẹ̀ láti lọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, ojú sì ti òun láti sọ fún mi, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rọrùn láti jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo ti wò ó yípo, n kò rí ibi tó sán. Kò jí mi ní nǹkan nítorí ìkà. Ó fún mi ní ẹ̀kọ mu nígbà tí mo lè kú. Ẹnu kan náà tó fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí yẹn kó lè tutù fún mi ló fi sọ pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì jẹ́ òtítọ́, n kò sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. N kò fèsì sí lẹ́tà náà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò sí lọ́dọ̀ Bánjí mọ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù, kò sì lè gba inú ìwé wá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú yèyé mi wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ tí a dá, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n gbà fún wa. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ sórí bébà, nítorí n kò fẹ́ kí ìkankan ṣòfò. Mo ti pinnu pé n kò ní pe ọ̀rọ̀ náà fúnra mi. Mo fẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ìró kan wà nínú tẹlifóònù náà bí ìgbà tí omi ń wọ́ yanrìn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ mímí èèyàn.

"Ẹ kú ìrìn o, Yèyé," ni mo wí. "Ṣé ẹ dé ire?"

Ó wá ní, "Ta lò ń kí? Èèyàn mélòó ló wà lọ́dọ̀ mi?"

Mo gbọ́ àṣìṣe mi. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í sọ èèyàn kan di púpọ̀ nítorí pé ó dàgbà. Ìwọ ni ìyá, ìwọ ni bàbá, ìwọ ni ọba pàápàá. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ láti máa pe àgbà kan ṣoṣo ní ẹ̀yin. Ọdún mẹ́rin ti tún ahọ́n mi ṣe láìjẹ́ kí n mọ̀.

"Ìwọ ni mò ń kí, Yèyé."

"Ẹn-ẹ́n. Èmi rè é. Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Òtútù ńkọ́?"

"Ó ti dín kù. Yèyé, èmi kọ́ ni mo fún wọn. Bánjí ni."

"Mo gbọ́," ló wí. "Tíṣà kà á fún mi." Ohùn rẹ̀ kò gbóná, kò sì tutù. "Ó ti lọ. Àwọn ọmọdé ti ń kọ òmíràn."

Mo wo bébà mi. "Ta ló wà ní ulé nísinsìnyí? Ewúrẹ́ ò ní wọlé jẹ uṣu rẹ?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rín tí mo mọ̀, mo sì rò pé ó ti dé.

"Ewúrẹ́ kẹ̀?" ni yèyé mi wí. "Ṣebí mo ní kí wọ́n ti ulẹ̀kùn kí n tó jáde."

Ó pè é dáadáa, ó mọ́ lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe máa ń pè é fún ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe máa ń pè é fún aládùúgbò àti fún àlejò. Mo dúró, bóyá yóò tún un pè. Obìnrin tó ń so okùn tẹlifóònù pọ̀ wọlé sí àárín wa, ó ní àkókò ti pé.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà. Nígbà tí mo dé ilé tí mò ń gbé, mo yọ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, mo fi ọ̀kan ṣí ti títì, mo fi èkejì ṣí ti yàrá.